Ìbora Tó Ṣáájú Ọmọ

Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí Adérìnsọ́lá wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó lóyún, ó sì ku díẹ̀ kí ìbora náà parí. Iwájú ilé rẹ̀ ní Lamingo, ní ìlú Jos, ló jókòó sí tó ń ránṣọ, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹni tí ojú bá ń ta, kó gbé ojú rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tanra wa, èèwọ̀ ló ń ṣe. A kì í ránṣọ sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tíì bí. Adérìnsọ́lá, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán nílé ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, mọ èèwọ̀ náà dáadáa. Ó ti pa á mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tèmídayọ̀, ọmọ rẹ̀, ti lóyún ṣáájú èyí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn kò ra ìbọ̀sẹ̀ lásán sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ọmọ kò sì wá láàyè. Aṣọ ìnura ilé ìwòsàn ni wọ́n fi wé àwọn méjèèjì. Ìyẹn ló ń dun Adérìnsọ́lá jù. Bí pípa èèwọ̀ mọ́ kò bá gba ọmọ là, kí ló tún kù tí èèyàn ń bẹ̀rù?

Ló bá lọ gba àjákù aṣọ lọ́wọ́ Fatimah, aránṣọ tó wà ní àdúgbò Ali Kazaure. Ó gé wọn ní àbala-àbala. Sára àwọn àbala funfun, ó fi òwú aláwọ̀ ṣe kúrọ́ọ̀sì-sítíìṣì, ó ń gbé òwú dábùú òwú títí ẹyẹ awó fi yọ, títí òdòdó ọ̀dùnkún fi yọ. Ọjọ́ ìrìnàjò ló fi ṣe òdiwọ̀n iṣẹ́: àbala méjì lójúmọ́, yálà àlejò wá tàbí kò wá. Matthias, ọkọ rẹ̀, ní òun kò dá sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kó dá sí i.

Ní àárọ̀ tó ku ọjọ́ mẹ́rin yìí ni Ọláṣùmbọ̀, ẹ̀gbọ́n Matthias, yà wọlé.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́. Ta lo ń ránṣọ fún?"

"Ọmọ tó ń bọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kai! Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fojú rí? Nínú ilé tiwa?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì la ò ṣe é. Ẹ sọ èrè tá a jẹ fún mi."

Ọláṣùmbọ̀ tẹ̀ síwájú. Ó na ọwọ́ sí ìbora náà, Adérìnsọ́lá fà á mọ́ra. Àwọn àgbàlagbà méjì wá ń fa aṣọ mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ọmọdé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ fi iṣẹ́ mi sílẹ̀."

Ọláṣùmbọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì jáde láìmu omi. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí fóònù Adérìnsọ́lá dún. Tèmídayọ̀ ni.

"Mọ́mì, Àǹtí Ṣùmbọ̀ pè mí." Ó ń sunkún. "Don Allah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìbora yẹn wá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ sọ ọ́ nù."

Adérìnsọ́lá bínú. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló bínú sí, ẹ̀rù tí wọ́n kó bá ọmọ náà ni. Ó wo ìbora orí itan rẹ̀, kékeré báyìí. Ó rántí ọjọ́ tí Tèmídayọ̀ ti ilé ìwòsàn dé lẹ́ẹ̀kejì, tó ká orúnkún jọ sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé Ọlọ́run yóò fúnni ní òmíràn. Ọmọ tó lọ ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Adérìnsọ́lá fúnra rẹ̀, àga ló ń gbé fún àlejò.

"Tèmi, ọmọ tí a kò tíì bí la kì í ránṣọ fún, àbí?"

"Ẹ̀n, Mọ́mì."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé mi ò tíì bí ọ ni?"

Adérìnsọ́lá tẹ́ ìbora náà dáadáa sórí itan rẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni mo bí ọ ní ìlú Jos yìí. Ìwọ ni mo ń rán an fún. Ẹni tó bá sùn tì ọ́ lábẹ́ rẹ̀, kò kan ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ."

Tèmídayọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mọ́mì, òtútù mú mi lọ́jọ́ tí mo ti ilé ìwòsàn dé. Ó mú mi gan-an. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè."

Omi bọ́ lójú Adérìnsọ́lá. Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìgbátí tó ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan rán, kó lè fi àbala kún un. Èyí tí kò bá parí ní Jos yóò parí nínú mọ́tò.

"Dìde dúró, ọmọ mi," ó ní. "Wọn ara rẹ fún mi, láti ọrùn dé ẹsẹ̀."