Ẹnu Kóòṣì Dunaway

Irun ìyàwó pásítọ̀ wa ni mo ń fi irin gbígbóná nà nígbà tí Kóòṣì Dunaway yọ sórí tẹlifíṣọ̀n inú ṣọ́ọ̀bù mi, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọmọ wa jẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìṣàyàn ni. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo Alabama: ta ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa mú nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré ní yunifásítì, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, ta ni wọ́n máa fi sílẹ̀. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá á wá jókòó síwájú kámẹ́rà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n kọ́ bí ẹni tó ń ta màlúù.

Ọ̀rọ̀ Tarvell, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Idella, tí Dunaway kọ́ ní yunifásítì, ni wọ́n bi í léèrè. Iṣẹ́ Tarvell lórí pápá ni pé kó gbé ẹni tó bá di bọ́ọ̀lù mọ́yà lulẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé gbogbo èèyàn ló ní ọjọ́ kìíní gan-an nínú ọjọ́ mẹ́ta ìṣàyàn ni wọ́n máa pe orúkọ rẹ̀. Kóòṣì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, "Ọmọ náà lágbára, mi ò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tó ku ìdíje ìkẹyìn, ó já àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń wá ẹni tó máa dúró tì wọ́n, kí wọ́n tún inú rò."

Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n jó ìyàwó pásítọ̀ létí.

"Verlene, etí mi o!"

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí aláìnítìjú yìí ń sọ?"

Ta ló já ta jù sílẹ̀? Lóṣù Kejìlá, kí wọ́n tó gbá ìdíje ìkẹyìn yẹn, Dunaway fúnra rẹ̀ ti kó ẹrù lọ sí yunifásítì mìíràn tó lówó jù. Kò dágbére. Orí fóònù làwọn ọmọ ti gbọ́ pé kóòṣì àwọn ti lọ. Kó tó lọ, ó pe Tarvell sí ọ́fíìsì, ó ní kó má gbá ìdíje náà, kó tọ́jú èjìká rẹ̀ de ìṣàyàn. Èjìká wo? Èjìká tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ní gbogbo Sátidé kó lè gbá bọ́ọ̀lù fún un ni! Ọmọ náà gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kò gbá ìdíje náà, àwa ará ilé nìkan la sì mọ ẹni tó ní kó má gbá a.

Mo gbé fóònù, mo pe ètò eré ìdárayá orí rédíò, níbi tí gbogbo ìlú ti máa ń rojọ́. Wọ́n ní kí n dúró, ó máa tó kàn mí. Ibẹ̀ ni Tarvell wọlé, tó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí Verlene, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ má pè wọ́n."

"Kí n má pè wọ́n kẹ̀? Ọkùnrin yẹn ń pa ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n!"

"Mo mọ̀. Tí mo bá fèsì, wọ́n á ní mo ń bá kóòṣì jà. Kò sẹ́gbẹ́ tó ń fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀yin bá fèsì, wọ́n á ní oníwàhálà làwọn èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi ná."

"Tí wọn ò bá wá pè é ńkọ́?"

Ó gbé fóònù mi lé orí tábìlì, ó jáde.

Ìwà ìkà wo ló tún ju ìyẹn lọ? Àgbàlagbà á sọ ohun tó wù ú, wọ́n á pè é ní olóòótọ́. Ọmọ tó fi èjìká rẹ̀ sìn ín á panu mọ́, wọ́n á pè é ní ojo. Mo di ẹnu mi.

Nígbà tí ìṣàyàn dé, gbogbo wa kún ilé Idella, òun sì ń din ẹja àrọ̀ fáwọn àlejò. Tarvell wọ kóòtù tuntun, ó gbé fóònù lé orúnkún. Ọjọ́ kìíní kọjá. Wọ́n pe àwọn ọmọ tí Tarvell ti gbé ṣánlẹ̀ rí, wọn ò pe Tarvell. Lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ kóòtù náà. Àwọn olóòtú tẹlifíṣọ̀n ń tún ọ̀rọ̀ Dunaway sọ bíi pé inú Bíbélì ló ti wá, Idella sì lọ sunkún ní kíṣìnì. Lọ́jọ́ kẹta, ìṣàyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọ̀pọ̀ àlejò sì ti lọ sílé, kí fóònù tó dún. Ẹgbẹ́ kan lókè àríwá ti mú un. A pariwo, a dì mọ́ra. Tarvell gbé kóòtù rẹ̀ wọ̀ padà.

Ayọ̀ náà ò tíì lọ sílẹ̀ tí Dunaway tún fi yọ lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ọmọ mi nìyẹn! Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé akọni ni."

"Ọmọ ta?" ni Idella figbe ta.

Kò pẹ́ tí Dunaway fi pe fóònù Tarvell. Tarvell jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ.

"Akọni mi! Fi ẹ̀wù ẹgbẹ́ tuntun rẹ ránṣẹ́ sí mi o. Màá gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì mi níbí, káwọn ọmọ tí mo fẹ́ gbà lè máa rí i."

Tarvell wò mí, ó na fóònù sí mi.

"Àǹtí, wọ́n ti pe orúkọ mi."

Mo gbà á. "Kóòṣì, Verlene nìyí."

"Háà, Mísì Verlene! Ẹ kú oríire o."

"Ẹ padà síwájú kámẹ́rà yẹn. Ẹ sọ ẹni tó ní kí Tarvell má gbá ìdíje ìkẹyìn. Ẹ sọ ibi tí ẹ̀yin fúnra yín wà lọ́jọ́ náà. Títí ẹ ó fi sọ ọ́, ẹ̀wù ọmọ yìí ò ní kan ògiri yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin náà mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, Mísì Verlene. Tarvell ò bínú. Ẹ fún un ní fóònù."

Mo fún un.

"Ẹ ti gbọ́ wọn, sà," ni Tarvell wí, ó sì pa fóònù.