Ooru Tí Wọ́n Pè Ní Ẹ̀mí

Òógùn náà tún dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àyà, ó gun ọrùn, ó bo gbogbo ojú Ọládùnní bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Ó ju páálí bísíkíìtì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tú bọ́tìnnì ọrùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ fẹ́ ara.

"Wòlíì ti dé o!" Fàúsát, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń di bísíkíìtì, pariwo. "Ìyá Démiládé, ẹ bá wa wo ọ̀run dáadáa. Ṣé àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba máa jẹ́ kí àlìkámà tún wọ ìlú, àbí àgbàdo la ó máa pò mọ́ bísíkíìtì títí Jésù yín á fi dé?"

Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Ọládùnní náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, wọn yóò ta òróró sí i lórí ní ìjọ wọn ní Agége, wọn yóò sọ ọ́ di aríran.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ooru náà ti ká a mọ́ àárín ìsìn. Àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkìkì, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò fa ìborí funfun rẹ̀ yọ. Àwọn ará ìjọ yóò pariwo "Halelúyà!", wọn yóò máa bi í ní ohun tó rí. Kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó ní, "Omi!" Nígbà tí àgbàrá wọ ilé méjì ládùúgbò ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ó ti rí i tẹ́lẹ̀.

Báwo ni yóò ṣe kúnlẹ̀ gba òróró lórí irọ́? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé Ẹ̀mí ni lóòótọ́ ńkọ́, tí òun sì ń sá bíi Jónà? Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó gba kílíníìkì ilé iṣẹ́ lọ.

Dókítà Johnson kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Nígbà tí Ọládùnní rí i pé obìnrin ni, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

"Mo pè é ní ibà, Dókítà. Mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Ara yíyún nìkan ni mo rí níbẹ̀."

Dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀. "Kò síbà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, nǹkan oṣù yín ńkọ́?"

Ọládùnní wo ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò sọ ọ̀rọ̀ yìí sókè rí. "Ó lè má wá fún oṣù méjì. Tó bá wá dé, á ya bíi páìpù tó bẹ́."

"Oorun ńkọ́?"

"Oorun wo? Ooru ń jí mi. Mo sì ń kanra mọ́ baálé mi. Àná, nítorí ṣíbí ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi í léèrè ọjọ́ orí. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.

"Ó jọ pé ara yín ti ń múra láti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró ni, mà. Kì í dúró lọ́jọ́ kan. Ó lè máa lọ kó máa bọ̀ fún ọdún díẹ̀. Òun ló sábà máa ń mú irú ooru yẹn wá. A ó yẹ ìtọ̀ yín wò, kó má lọ jẹ́ oyún, ká sì wo ẹ̀jẹ̀ yín. Tó bá tún ya bẹ́ẹ̀, ẹ má jókòó sílé o."

"Kì í ṣe àìsàn?"

"Kì í ṣe àìsàn. Ohun tó lè mú un rọrùn sì wà."

"Kì í sì í ṣe… Ẹ̀mí?"

"Ìyẹn kọjá ìwé tí mo kà, mà. Ṣùgbọ́n ooru náà, mo mọ̀ ọ́n. Ó ń mú ìyá tó bí mi."

Títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ Hánà inú Bíbélì ni Ọládùnní ń rò. Àlùfáà Élì rí àdúrà rẹ̀, ó pè é ní ọtí. Àwọn tiwa rí ooru, wọ́n pè é ní àdúrà. Kò yà sílé. Ilé Ìyá Akínfẹ́nwá ló gbà lọ, olórí àwọn aríran, ẹni tí yóò ta òróró náà. Ó bá Ìyá lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. N kò ríran kankan. Dókítà ní nǹkan oṣù mi ló ń fẹ́ lọ."

Ìyá ṣa òkúta kan, wọ́n jù ú nù. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọládùnní rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí! Ọdún tí wọ́n ta òróró sí èmi lórí, ọmọ ọdún mélòó lo rò pé mo jẹ́?"

"N kò mọ̀, mà."

"Méjìdínláàádọ́ta. Díẹ̀ ló kù kí n máa bọ́ṣọ nínú ìsìn!"

"Ìyá! Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún? Àwọn bàbá ìjọ?" Ẹ̀rín wọn rọlẹ̀. "Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, Olúwa, wọ́n ti sọ mí di aládùúrà, jọ̀ọ́ kọ́ mi ní àdúrà. Láti ìgbà náà, aago márùn-ún ìdájí kò bá mi lórí ibùsùn rí."

"Òróró ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́?"

"Kò ní wáyé. Màá sọ fún wọn. Jókòó, bá mi ṣa ẹ̀wà yìí. Ìyàwó Suara, aládùúgbò wa, ti wọ oṣù kẹsàn-án. A ó lọ gbàdúrà fún un kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Èmi? Tí n kò ríran?"

"Ta ló béèrè ìran lọ́wọ́ rẹ?"

Ọládùnní fa àpótí sún mọ́ wọn. Ó wo Ìyá: ojú wọn gbẹ, ara wọn tutù pẹ̀sẹ̀ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ètè wọn sì ti ń mì wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n ń dárúkọ ìyàwó Suara fún Ọlọ́run. Ó ti tó ogún ọdún tí ooru ti kúrò lára Ìyá. Àdúrà kò bá a lọ.