Lẹ́tà Oṣù Mẹ́jọ

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!"

Ìyá Sáfà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ bí ẹni tó ń dènà fún ewúrẹ́. Ìyá Sáfà lorúkọ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ti ń ṣiṣẹ́ fún un, torí òun ló ń tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí ímeèlì gbogbo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, iná pupa mẹ́ta ló ń ṣẹ́jú lára àpótí tí wọ́n to dísíìkì tí lẹ́tà wà nínú wọn sí. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ni, kò lè pa á lẹ́kún. Méjì, á ṣì rọ́gbọ́n dá sí i. Ṣùgbọ́n bí dísíìkì kẹta ṣe kú yìí, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

"Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan tá a lè ṣe ni?" Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló bi í.

"Mo ń ronú."

Irọ́ ni. Ó ti ro gbogbo èrò tó yẹ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé sáfà náà kalẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló ń lò ó. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ó jókòó, ó ya àtúnṣe sórí ìwé: kí wọ́n pín àwọn èèyàn sórí sáfà méjìlá, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà níbi méjì, kó lè jẹ́ pé tí ọ̀kan bá dákú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Tí èrò bá tún pọ̀ sí i, kí wọ́n kàn fi sáfà mìíràn kún un. Ọ̀gá àgbà wo ìwé náà bí ẹni tí wọ́n ń fi fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ hàn.

"Ìyá Sáfà, èyí tó wà nílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, sà."

"Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nígbà náà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tiẹ̀ ní kó jókòó.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n ń ṣe pamọ́ ti ń fà sẹ́yìn. Lẹ́tà pọ̀ débi pé tòní kì í tíì parí tí tọ̀la á ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó parí kẹ́yìn ti pé oṣù mẹ́jọ.

Fóònù dún. Ọ̀gá àgbà ni.

"Ìgbà wo ni ímeèlì máa padà?"

"Sáfà á padà lọ́la, sà. Lẹ́tà oṣù mẹ́jọ ò ní padà."

"Báwo lẹ ṣe jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tó wá sí Ìyá Sáfà lẹ́nu mú ju abẹ lọ. Ó gbé e mì. "Ẹ má bínú, sà."

Lọ́wọ́ ọ̀sán ni bàbá arúgbó kan wọlé, ó ti ṣí fìlà dání. Olùkọ́ ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kọ́ Ìyá Sáfà fúnra rẹ̀ lọ́dún méjì gbáko.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ jókòó."

"Ìjókòó kọ́, ọmọ mi. Mi ò rí lẹ́tà mi kankan mọ́. Ti ọmọ mi obìnrin ni mo bá wá."

Ìyá Sáfà ti gbọ́ nípa ikú ọmọ náà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, lókè òkun.

"Àìsàn ọ̀fun ni, kò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó wá ń kọ lẹ́tà sí mi lójoojúmọ́. Mo ní màá tẹ̀ wọ́n síwèé, ọkàn mi ni kò gbé e. Mo kàn ń sọ pé ó di ọ̀la."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n, sà?" Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kí bàbá sọ pé èṣí ni.

"Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn."

"Ímeèlì wo ló fi ń kọ ọ́?"

"Èyí tẹ́ ẹ fún un níbí nígbà tó ń kàwé. Kò pààrọ̀ ẹ̀ rí."

Àpótí kan náà. Ẹ̀dà ẹni tó kọ ọ́ àti tẹni tó gbà á, inú àpótí kan ṣoṣo ni méjèèjì wà.

Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti la ẹnu láti sọ ohun tí wọ́n ní kí wọ́n máa sọ fún gbogbo èèyàn, pé iṣẹ́ ń lọ lórí ẹ̀. Ìyá Sáfà mi orí sí i.

"Bàbá, wọ́n ti lọ. Ọwọ́ mi ni wọ́n wà, mi ò sì lè dá wọn padà. Ẹ foríjì mí."

Bàbá tẹjú mọ́ àwọn iná pupa náà. "Ṣé ó dá ọ lójú pé o wá a dáadáa? O máa ń kánjú nínú ìdánwò, ìwọ yìí." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò bọ́ sí i. Ó wá jókòó.

Ìyá Sáfà fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tó tún lè ṣe. Ó mú bébà kan àti bírò.

"Kí lẹ rántí nínú wọn, sà?"

"Ó ní kí n má wọ bàtà dúdú yẹn mọ́, pé ó ń yọ̀."

Ìyá Sáfà kọ ọ́ sílẹ̀. "Òmíràn ńkọ́?"

"Mi ò rántí. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́, ọmọ mi. Ojoojúmọ́."

Fóònù tún dún. Ìyá Sáfà ò yíjú sí i. Ó gbé bírò lé orí ìlà kejì, ó ń dúró de bàbá.