Ẹṣin Wòlímọ̀ Rodiat

"Gbajúmọ̀, mo ní kó o máa lọ!" Rodiat pariwo sí ẹṣin létí. "Ṣé etí ẹ di ni?"

Gbajúmọ̀ ò lọ. Ó gún ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì mọ́lẹ̀ bí òpó iná, ó na etí síwájú, ó ń fọn imú fíín-fíín sí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dé gọ́tà lẹ́nu ọ̀nà tó wọ mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn títì Ailegun. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló gba orí irin náà kọjá níṣojú ẹ̀, tí irin dún gbàmù. Látìgbà náà ni ẹṣin ti ń ṣe bí ẹni pé ikú ló sùn síbẹ̀.

Rodiat jókòó lórí gàárì pẹ̀lú aṣọ funfun nini. Táyà ló ń lẹ̀ ní Òkè-Afá, ó sì ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Kò bẹ̀rù awakọ̀ tírélà, kò bẹ̀rù ọmọ onílẹ̀. Agbèrò tó bá fẹ́ fojú ẹ̀ gbolẹ̀ máa kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ìran bàbá tó bí i lọ́mọ. Àmọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìwó, wọ́n mú un kúrò nílé kéwú kó lè máa kiri ọjà fún ìyá ẹ̀. Ọkàn ẹ̀ ò kúrò níbẹ̀ rí. Ìgbà tó darúgbó tó sì lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké nílé kéwú Afáà Ọláfimíhàn, àwọn ọmọ fi í rẹ́rìn-ín. Ló bá búra: "Ọjọ́ tí mo bá máa jáde, orí ẹṣin lẹ máa ti rí mi."

Òní lọjọ́ wòlímọ̀ náà. Àwọn ọmọ ti ka kéwú tiwọn tán níwájú èrò, òun nìkan ló kù. Afáà sì ti ránṣẹ́ pé bí kò bá dé kí wọ́n tó kírun Àyìlà lọ́sàn-án, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Ìyá Múrí, ṣé ẹṣin nìyí àbí ère?" Memunat ló sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ látìgbà ọmọge.

"Ère ni. Wá fi ẹnu kò ó lẹ́nu kó lè jí."

Ọlọ́kadà kan dúró. "Ìyá, ẹ ki jíà ọ̀kan fún un!"

"Bàbá ẹ ni kó o lọ ki jíà fún!"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ti ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi bọ̀, àmọ́ Mísbáù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ni ẹṣin, gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹ má nà án o. Irin nìkan ló ń bà á lẹ́rù báyìí. Tẹ́ ẹ bá nà án, ẹ̀rù di méjì." Ó ti fi kúlíkúlí tan ẹṣin náà. Ó ti gun orí irin fúnra ẹ̀ kí ẹṣin lè rí i pé nǹkan kan ò ṣe é. Pàbó ló já sí.

Múrítàlá, ọmọ Rodiat, wo aago ẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ká fẹsẹ̀ rìn ín. Mọ́ṣáláṣí rèé."

"Èmi? Kí àwọn ọmọ yẹn tún fi mí rẹ́rìn-ín? Tí kò bá lọ, a ò lọ náà nìyẹn. Ẹjọ́ tèmi kọ́, ẹjọ́ ẹṣin ni."

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, ara tù ú. Ìtura náà sì dójú tì í.

Mísbáù ń wò ó. "Ìyá, ẹ wo ọwọ́ yín."

Rodiat wolẹ̀. Ó ti fi okùn ìjánu yí ọrùn ọwọ́, ó sì fà á mọ́ àyà bí ẹni pé olè fẹ́ gbà á.

"Ẹnu yín ní kó máa lọ, ọwọ́ yín ní kó dúró," ni Mísbáù wí. "Èwo ni kó gbọ́? Ó ń gbọ̀n, ẹ̀yin náà ń gbọ̀n. Kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Èébú gidi ti pọ́n lẹ́nu Rodiat. Kò já bọ́. Ó tẹ̀ wálẹ̀ kí Memunat má baà gbọ́.

"Bí mo bá débẹ̀ tí mo gbàgbé ńkọ́? Mo lè kà á nílé. Mo lè kà á nídìí táyà. Àmọ́ níwájú èèyàn, ṣe ni ọ̀fun mi máa ń gbẹ."

"Ẹ kà á fún Gbajúmọ̀."

"Kí n kà á fún ẹṣin kẹ̀?"

"Kò gbọ́ Lárúbáwá, Ìyá. Tẹ́ ẹ bá ṣì í kà, ta ló máa lọ sọ fún? Ẹ ṣáà rò pé táyà ni."

Ẹ̀rín gbọn Rodiat jìgìjìgì lórí gàárì. Ìgbà tí ẹ̀rín ọ̀hún tán, ọwọ́ ẹ̀ ti dẹ̀ díẹ̀.

"Bísímílà," ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹ̀ tín-ín-rín bí atẹ́gùn tó ń jò lára táyà. Ó ń kà á lọ. Gbajúmọ̀ yí etí kan sẹ́yìn sí i, lẹ́yìn náà ó yí èkejì. Rodiat dé ibi tó ti máa ń kọsẹ̀, ó sì kọsẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ó padà, ó tún un kà. Ilẹ̀ ò lanu. Ó ń kéwú lọ, okùn ìjánu ń tú lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀.

Ẹṣin mí kanlẹ̀. Ó tẹrí ba, ó gbóòórùn irin náà. Mísbáù rọra dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò fà á.

Gbàm! Ẹsẹ̀ kan. Ara ẹṣin gbọ̀n rìrì, ara Rodiat náà gbọ̀n, kò dákẹ́. Gbàm! Gbàm! Gbàm! Ó di òdìkejì.

"Aláhù akúbárù!" Memunat fò sókè. "Rodiat, ó mà lọ o! Àbí o ò gbọ́ mi ni?"

Látìgbà tí wọ́n ti bí Rodiat, kò tíì sẹ́ni tó pè é lójú pópó tí kò dá lóhùn. Tòní yàtọ̀.

Lẹ́nu géètì mọ́ṣáláṣí, Afáà ti jáde, àwọn ọmọ kéwú dúró lẹ́yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mísbáù dá ẹṣin dúró. "Ìyá, a ti dé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Rodiat di ojú, ó ń kà á lọ. Múrítàlá wá di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú kó lè ràn án lọ́wọ́, ló bá gbá ọwọ́ ọmọ dànù.

"Dúró ná," ló wí nígbà tó mí. "Mi ò tíì parí."