Ilẹ̀ Tó Ń Di Ẹsẹ̀ Mú

Wọ́n ní ó ní kí àwọn alàgbà wọ… àní bàtà, nínú ọgbà ìjọ. Ọmọ-ọmọ Bàbá Olùkọ́ ni, èyí tí kò jókòó ní kíláàsì rí… Òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa? Ó ga o.

Èmi Fọláṣẹwà ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà ti yí Àpòmù ká kó tó dé etí mi ní Ìkirè, lẹ́nu ọlọ́kadà.

Bàbá mi àgbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ mi nílé. Ní Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC ní físíìsì, nínú yàrá ìjọ Aládùúrà kan ní Àpòmù. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Alàgbà Boaz, akọ̀wé ìjọ, wá ní kí wọ́n ti yàrá náà pa títí àwọn àgbà yóò fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi.

Bàbá àgbà ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ ná. Mo ní kí wọ́n má bínú, bó bá máa fi rọlẹ̀, ìdánwò á ti kọjá. Mo lọ sí Àpòmù lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ jókòó.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni pé bọ́ọ̀sì ìjọ kọ̀, kò dáhùn, lórí táìlì iwájú ilé àdúrà, lẹ́yìn òjò. Àwọn ọkùnrin ń tì í. Ẹnikẹ́ni kì í sì í wọ bàtà nínú ọgbà yẹn. Ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀. Wọ́n pe èèyàn kún un, ẹsẹ̀ àwọn yẹn náà ń yọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sétí Màmá Susannah, ìyá ìjọ, torí n kò lè gbóhùn sókè lójú àwọn àgbà. Kí Màmá tó tún un sọ, mẹkáníìkì ti dé láti Gbọ̀ngán. Alàgbà Boaz tó wà nítòsí gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nìkan, wọ́n sì gbé e kiri.

Àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ omi. Mo ní kí Jason àti Goodness, akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì, jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tó gbẹ lórí táìlì náà. Mo da omi sẹ́yìn bẹ́ǹṣì náà, mo wá bẹ Alàgbà Boaz kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n tì í.

Wọ́n tì í. Ẹsẹ̀ wọn ló ń lọ sẹ́yìn, bẹ́ǹṣì ò mira. Màmá Susannah bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì wà nínú ààwẹ̀ ni. Ẹ̀rín sọ.

“Agbára yín tó, sà,” ni mo sọ. “Bí ẹ ṣe ń ti bẹ́ǹṣì síwájú ló ń ti yín sẹ́yìn. Ilẹ̀ ló yẹ kó di ẹsẹ̀ yín mú. Omi ni kò jẹ́.”

Mo bu iyanrìn síbẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán náà ni Alàgbà fi tì í. Bẹ́ǹṣì gbéra, Goodness sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́.

Bàbá Obadiah, olórí àwọn àgbà, mú kọ́kọ́rọ́ yàrá jáde. Wọ́n ní kí àwọn tó fún mi, kí gbogbo ìjọ gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà; kí Màmá má fi kún un, kí wọ́n má yọ níbẹ̀.

Màmá Susannah dìde.

“Ó ní, ‘Màmá, bàtà ìbá di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n a kì í wọ̀ ọ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da iyanrìn síbi tí wọ́n ń tẹ̀, kí wọ́n tún tì í.’”