Ìlú Tí Kò Ní Òrùlé

Ẹ ti fura, ẹ ò sì ṣì fura: kò sí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ jí iṣẹ́ Olúwarótìmí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹ́nu lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ọkùnrin tó ti fi ọdún mẹ́rin múra de olè?

Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ìpọnmi ní Ìlúpéjú, ọ̀gá kékeré ni Rótìmí. Òun ló ń yẹ ike wò bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, tó ń ju èyí tó bá ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, tó dé yàrá rẹ̀ l'Ágége, ayàwòrán ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pe ara rẹ̀, kì í sì í dúró kí ẹlòmíì kọ́kọ́ pè é.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin kan ń wá ewúrẹ́ ìyá àgbà rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, òun ni gbogbo géèmù náà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò sì fi sílẹ̀ fáyé, bí ìgbà tí àwọn àgbà ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko ara wọn. Ohun tí oníkálukú bá yà, ì báà jẹ́ ìlàjì, inú àká kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó o sí, àká tí kò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wù á mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé, á tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe, á dá a padà. Orúkọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kì í sọnù. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Ìlú orí òkè ni ìpín Rótìmí. Ìlú ìyá rẹ̀ l'Ékìtì ló ń yà, pẹ̀lú agbo ilé tí ìyá ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ dàgbà. Kátakátá ti wó agbo ilé náà fún ọ̀nà títì, kò sì sẹ́ni tó ní fọ́tò rẹ̀. Orí Rótìmí nìkan ló kù sí, àti inú géèmù yẹn. Ká má purọ́, ó mọ̀ ọ́n yà. Bí èèyàn bá rí ògiri alámọ̀ tó yà, á fẹ́ fọwọ́ kàn án. Àléébù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kò sí òrùlé lórí ilé kankan. Rótìmí ṣì ń ronú nípa òrùlé. Ó ti ń ronú nípa rẹ̀ bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́.

Ibẹ̀ ni Ishaq ti kó sí wàhálà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ishaq, fóònù ló ń tún ṣe ní Computer Village n'Íkẹjà, inú ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Rótìmí sì wà. Nígbà tí wọ́n fi òjò sínú géèmù, òjò ń rọ̀ sí pálọ̀ àwọn ará orí òkè, ewúrẹ́ sì kọ̀, kò wọlé mọ́. Ishaq mú ìlú Rótìmí nínú àká, ó kan pánù sórí gbogbo ilé ibẹ̀, ó dá a padà.

Inú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni Rótìmí wà, tó ń tòògbé, nígbà tó rí i lórí fóònù rẹ̀. Oorun dá lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ishaq.

"Ta ló ní kí o kan pánù lé mi lórí?" Rótìmí ò tíì jókòó.

"Ẹ má bínú, bọ̀ọ́dá mi," ni Ishaq wí. "Òjò ló ń pa wọ́n."

"Òjò inú géèmù!"

"Òun náà ni, sà. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ké."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Rótìmí dúró kí ẹ̀rín tán. "Iṣẹ́ tí kò tíì parí, ọbẹ̀ orí iná ni. A kì í ṣí ìkòkò ọlọ́bẹ̀ wò kí ọlọ́bẹ̀ tó ní ó jinná."

"Ọlọ́bẹ̀ wa," ni Màrdíyyàh dáhùn, tíṣà tó ń darí ẹgbẹ́, "ó ti ń lọ sí ọdún kẹrin tẹ́ ẹ gbé e kaná. Ṣé òkúta lẹ̀ ń sè ni?"

Rótìmí ò bá a ṣàwàdà. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn kan nípa àwọn ayàwòrán ńlá tí ayé jà lólè. Ó dárúkọ méjì, ó wá dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n lè ráyè fi òun ṣe ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ló bá sọ ohun tó fẹ́: kí wọ́n yọ ìlú òun kúrò nínú àká, kí oníkálukú pa ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì gbá àjà àká náà, níbi tí ẹ̀rọ ń kó ohun àtijọ́ sí. Bí òun bá parí rẹ̀, òun á gbé e padà wá.

"Bọ̀ọ́dá Rótìmí, ẹ rọra," ni Màrdíyyàh wí. "Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa yìí ló ń bá yín ṣọ́ iṣẹ́ yín. Tí nǹkan bá ṣe tiyín ńkọ́?"

"Àǹtí, ta ló ń fi ológbò ṣọ́ ẹja?"

Ishaq wo ilẹ̀. Màrdíyyàh fọwọ́ ra ojú. Láti àárọ̀ ló ti ń máàkì ìwé ìdánwò, ìdá ńlá ṣì kù nílé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè jiyàn mọ́.

"Ó dáa. Ẹ pa á rẹ́."

Wọ́n ṣí láptọ́ọ̀pù wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́. Ishaq ló ṣe kẹ́yìn. "Ṣé kí n yọ pánù nìkan ni, sà?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Oyinadé, ìyàwó Rótìmí, gbọ́ ìròyìn ìṣẹ́gun náà tán, ó ní, "Ẹ kú oríire. Ta ni yóò wá rí i báyìí?" Ọkọ rẹ̀ ò gbọ́. Ó ń ti ìlú náà pa sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, pẹ̀lú irú àgádágodo tó jẹ́ pé bí olè bá ṣi páásíwọọ̀dù rẹ̀ tẹ̀ léraléra, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á dàrú pátápátá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pààrọ̀ páásíwọọ̀dù náà. Ilé ìfowópamọ́ ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé iṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, iṣẹ́ àwọn tó lọ sì di ti àwọn tó kù. Rótìmí ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀ mọ́ ti ọ̀sán, ike ń yí lójú rẹ̀ kódà bó bá dijú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, ó gbé láptọ́ọ̀pù lé itan, ó fi ìdajì ojú pààrọ̀ páásíwọọ̀dù, oorun sì gbé e lọ. Nígbà tó jí, ohun kan ṣoṣo ló rántí: pé ọ̀rọ̀ tó fi ṣe é dára gan-an.

Ó tẹ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀. Ó tẹ oríkì ara rẹ̀. Ó tẹ orúkọ ìlú, ó tẹ "Ayàwòrán Àgbà." Orúkọ Oyinadé ló tẹ̀ gbẹ̀yìn, Oyinadé sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó. Àgádágodo kà á sí olè, ó sì ṣe ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í síbẹ̀: ìlú náà dàrú pátápátá.

Rótìmí ò sunkún. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí, tó ń dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Lẹ́yìn náà ni ìrètí kan yọ sí i, ìrètí tí kò ní tẹ́lẹ̀: bóyá wọ́n ti ja òun lólè. Ó fi ọkàn wo àwọn ará ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màrdíyyàh ò lè ṣe é, olóòótọ́ tí kì í gbẹ̀bẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ishaq! Ojú Ishaq, ojú olè ni. Ọlọ́run ṣeun.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ra mínírà tútù dání, ó wọ Computer Village.

"Ishaq, ọmọ dáadáa."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Fóònù ló bàjẹ́?"

"Rárá o. Mo ní kí n wá kí ọ ni." Ó gbé mínírà fún un. "Pánù yẹn, ó bá wọn mu o."

Ishaq wo mínírà, ó wo ẹni tó gbé e wá. "Ẹ ṣé, sà."

"Ọlọ́gbọ́n kì í da ọbẹ̀ nù tán. Á bu díẹ̀ pamọ́, àbí?"

"Sà?"

"Mi ò ní bínú. Bí o bá jí i, jẹ́wọ́ fún mi. Orúkọ àwa méjèèjì la máa kọ sí i. Tìrẹ gan-an ni kó ṣáájú."

Ishaq gbé súkùdíráfà sílẹ̀. "Bọ̀ọ́dá Rótìmí, títí di òní, ẹ ò tíì gbà pé mi ò jalè? Ẹ jókòó. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. Rótìmí fara balẹ̀ wá a, bó ṣe ń yẹ ike wò. Ó rí ewúrẹ́, ó rí ọmọbìnrin, ó rí odò àti ìlú àwọn ẹlòmíì, ó lọ, ó tún padà. Ishaq ti pa ìlú orí òkè rẹ́ pátápátá, títí kan pánù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.