Kọ̀ǹpútà Ọlọ́pọ̀lọ́

Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin tó dá ara ẹ̀ lójú rí, ẹ ò tíì rí Àgbà Páàdì. Kápẹ́ńtà ni, kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì ló ń kàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òòlù ló sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni páàdì géèmù ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ti lé lógójì ọdún báyìí. Ẹ̀rọ géèmù mẹ́rin ló ti gbó mọ́ ọn lọ́wọ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Bọ́tìnnì kan lápá òsì páàdì ẹ̀ ti yẹ̀, á máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá a tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá bi í bóyá ó mọ géèmù í gbá, á ní kẹ́ ẹ lọ bi àwọn tóun ti nà.

Géèmù kan wà tí kì í fi ṣàwàdà rárá, Afárá Méje ni wọ́n ń pè é. Ẹni méjì ló ń gbá a. Wọ́n á jọ gba orí afárá méje kọjá, ọ̀tá á máa yọ níwájú, á máa yọ lẹ́yìn. Òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbá a ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á máa gbọ́ ohùn ara wọn. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò yìí, ìlú tó ń gbé sì jìnnà. Ìgbà tí wọ́n sin ìyá wọn ni wọ́n fojú kanra kẹ́yìn, ó sì ti pé ọdún márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń ṣáájú, àbúrò ló máa ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Ẹ̀yìnkùlé. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àgbà Páàdì ní ẹ̀yìnkùlé tiwọn nìyẹn, àbúrò òun ló wà ní tòun. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á bi í pé, "Ta ló wà lẹ́yìnkùlé?" Àbúrò á ní, "Èmi ni, Bọ̀dá mi. Ẹ máa lọ."

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Àwọn méjèèjì yìí ò mọ ọ̀rọ̀ í sọ lórí fóònù. Ṣé dáadáa ni? Dáadáa ni. Iṣẹ́ ńkọ́? Ó ń lọ. Ó tán nìyẹn, kálukú á wá máa wo ògiri. Ṣùgbọ́n tí páàdì bá ti wà lọ́wọ́, ẹnu á là. Nígbà tí ìyá wọn kú, kò sí èyí tó lè sọ nǹkan kan nínú wọn, títí wọ́n fi sin ín tí wọ́n sì túká. Sátidé kan ni wọ́n wà lórí afárá kẹta tí àbúrò dédé sọ pé, "Bọ̀dá mi, aṣọ màmá kan wà nínú báàgì mi. Mi ò tíì lè fọ̀ ọ́." Ẹ̀gbọ́n ní, "Má fọ̀ ọ́." Wọ́n jọ bọ́ sórí afárá kẹrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sunkún ìyá wọn.

Àfi bí àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe kéde pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò kù sí. Àbúrò ní kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n ò ní. Sátidé mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àbúrò pè é. "Bọ̀dá mi, tó bá máa ni yín lára, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. A ó máa bára wa sọ̀rọ̀ lọ́nà míì."

Nínú ìdílé wọn, tí wọ́n bá ti ní lọ́nà míì, ó parí nìyẹn. Ohun tí bàbá wọn àti àbúrò bàbá wọn wí fúnra wọn náà nìyẹn, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ẹ̀rù ba Àgbà Páàdì, ẹ̀rù gidi, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. "Èwo ni lọ́nà míì?" ló wí. "Sátidé yìí, aago mẹ́rin, dúró dè mí."

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tò ó fúnra ẹ̀, pé ìyẹn ló dáa jù. Àgbà Páàdì wò ó títí. "Gbogbo ayé ló ń wá ra kọ́bọ́ọ̀dù kíkàn tán lọ́wọ́ mi," ó ní. "Mi ò tíì sọ fẹ́nì kankan rí pé kó lọ ra pákó àti ìṣó. Èmi náà, èyí tí wọ́n ti tò tán ni mo máa rà." Ẹ̀yin náà ẹ bá a jiyàn tẹ́ ẹ bá lè bá a jiyàn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí àbúrò tó wọlé síbi iṣẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí i: "E ma woju e o. Opolo e ni ke e wo." Kò sí àmì kan lórí ẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́ lórí fóònù, tí a ó ní ẹni tó ń kà á á sáà mọ̀. Àgbà Páàdì kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó ti yé òun.

Ó wọ ilé ìtajà kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ wá gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló dá a lóhùn.

"Èyí tó ní ọ̀pọ̀lọ́ ni mo fẹ́."

"Ọ̀pọ̀lọ́?"

"Ọ̀pọ̀lọ́."

Ẹ wá wo ayé bó ṣe rí: ọ̀kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Igun ilé ló dúró sí, wọ́n ya ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé ràgàjì sára ẹ̀, iná pupa àti búlúù ń tàn yí ojú gíláàsì ẹ̀ ká. Inú Àgbà Páàdì dùn dé gongo. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a lórí pẹ́pẹ́.

"Ṣé ẹ ti gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà rí?" ni obìnrin náà bi í.

"Mo ti ń gbá géèmù kí wọ́n tó bí yín." Ó wá rí irun funfun lórí obìnrin náà. "Ẹ má bínú."

Obìnrin náà ò bínú. Ó kàn fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ dandan. Àgbà Páàdì yọ fóònù, ó ń yangàn. "Àbúrò mi ló mọ̀ nípa ẹ̀. Ó ní kí n má wojú ẹ̀ o, ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀ ni kí n wò."

Obìnrin náà gba fóònù, ó kà á, ó bọ́ awò ojú ẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò kiri ló kọ síbí, àbí ọpọlọ tó wà lágbárí?"

Àgbà Páàdì gba fóònù ẹ̀ padà, ó tún un kà. Ohun tí wọ́n ní kó má wò gan-an ló fẹ́ẹ́ gbé relé. Ó rí aago mẹ́rin lọ́kàn ẹ̀, ó rí àbúrò ẹ̀ lórí ìdúró, ó rí ara ẹ̀ tó ń ṣàlàyé ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ̀rín wá gbé e, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, obìnrin náà bá a rín in.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí, kì í pẹ́ nílẹ̀. Ó rántí àwọn oníbàárà tó máa ń wá fọwọ́ pa ojú kọ́bọ́ọ̀dù lórí, tí wọn kì í yí i wò lẹ́yìn. Irú wọn ló máa ń padà wá pé ilẹ̀kùn ti já. "Ẹ bá mi ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀," ó ní.

"Kò sẹ́ni tó máa ń ní ká ṣí i."

"Èmi ní kẹ́ ẹ ṣí i."

Ó ṣí i. Inú ọlọ́pọ̀lọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Fáànù kan ṣoṣo ló ń yí, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wáyà lọ́ mọ́ra wọn. Àgbà Páàdì fi ìka sí ọ̀kan tó wà nílẹ̀, dúdú bíi kóòtù ọjọ́ òjò, tí kò ní iná kankan lára. "Ìyẹn náà ńkọ́?" Nígbà tí wọ́n ṣí ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Káàdì ibẹ̀ gùn tó ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì fi irin gbé e nídìí kó má baà tẹ̀. Wáyà ibẹ̀ lọ tààrà, wọ́n so ó ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, àní níbi tí ojú oníbàárà ò ní dé. "Ẹni tó to eléyìí," ó ní, "iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Síbẹ̀ kò gbà á gbọ́ lójú lásán. Ó ní kí wọ́n gbé Afárá Méje sórí méjèèjì, kí obìnrin náà gbá a, pé ẹ̀rọ lòun fẹ́ wò. Nígbà tí ọ̀tá pọ̀ lórí afárá kejì, ọlọ́pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò, ó dúró gbagidi. Dúdú ń lọ ní tiẹ̀, bí omi. Èyí ló rà. Nígbà tó ń jáde, obìnrin náà ṣí bébà alálẹ̀mọ́ kékeré kan tí wọ́n ya ọ̀pọ̀lọ́ sí kúrò lára ilẹ̀kùn, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ má gbàgbé ọ̀pọ̀lọ́ yín."

Aago mẹ́rin kù díẹ̀ nígbà tó tò ó sórí tábìlì, ó so páàdì ògbólógbòó ẹ̀ mọ́ ọn, páàdì náà sì bá a mu. Géèmù ló ń fa ẹsẹ̀, ó ṣì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́rin lù. Ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kọjá ogún. Àgbà Páàdì jókòó, ọwọ́ ẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì láìmọ̀. Ìgbà tí géèmù ṣí, aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹnì kan dúró nídìí afárá kìíní, òun nìkan.

Kò tíì la ẹnu tí ohùn kan fi wọ etí ẹ̀. "Bọ̀dá mi, mo ń gbọ́ páàdì yín."

"O ṣì wà níbẹ̀?"

"Ẹ ní kí n dúró."

Ó sọ ìtàn ọ̀pọ̀lọ́ fún un, àbúrò rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní láti òní lọ òun á máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní irọ́ ló ń pa, bébà ọ̀pọ̀lọ́ ti wà lára kọ̀ǹpútà, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé páàdì. Ojú ọ̀nà orí kọ̀ǹpútà ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, Àgbà Páàdì wò ó, kò mọ ọ̀nà tó yẹ kóun gbà. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ló ti ń ṣáájú ẹni gbogbo.

"Ìwọ lo mọ ibí," ó ní. "Ìwọ ni kó o ṣáájú lónìí."

Àbúrò bọ́ síwájú ẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ lé afárá. Ó wá bi í pé:

"Ta ló wà lẹ́yìnkùlé?"

"Èmi ni, àbúrò mi. Máa lọ."